Oúnjẹ Ọ̀wẹ̀

Bàbá mi kì í pe ọ̀wẹ̀ kó má ṣáájú gbogbo ènìyàn dé oko. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti fi àdá sàmì síbi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, á ti gbé àmù omi sábẹ́ igi ìyeyè tó wà létí oko. Bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ oníkálukú ni yóò fi kí i, yóò sì béèrè aláìsàn tó wà nílé rẹ̀. Ní ilé, ìyá mi ti gbé iṣu iyán kaná. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé iyán yẹn ló ń kó àwọn ènìyàn wá. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé àwọn tí iṣu wọn pọ̀ ju tiwa lọ náà ń wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí n kò ronú kan ọ̀wẹ̀ mọ́, nítorí pé inú ìwé ni iṣẹ́ mi wà. Olóòtú ni mí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwọn ẹlòmíràn kọ ni mò ń tún ṣe kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ètò ìkọ̀wé tí mò ń lò lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kóòdù wọn wà ní gbangba: ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn, láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó ń ṣe é fọ́n káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ló sì níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà ìdánwò síta, wọ́n á bẹ àwa tí à ń lò ó pé ká bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì sọ ohun tí kò bá dára. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbà láti bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ tí àléébù fi yọjú. Ọ̀rọ̀ náà ni “ọ̀wẹ̀”.

Àmì ohùn orí ọ ṣí kúrò níbi tó wà, ó lọ gun orí w. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Bákan náà ló rí. Mo tọ́jú fáìlì náà, mo pa á dé, mo tún un ṣí: àmì abẹ́ ẹ ti pòórá, ohun tí mo kọ ti di ọ̀rọ̀ tí kò sí lédè wa. Mo wá ní kí ètò náà bá mi wá “ọ̀wẹ̀” nínú ìwé olójú ewé 200 tí mò ń tún ṣe lọ́wọ́. Ó ní kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mò ń wò ó lójú ara mi.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ìlànà tí gbogbo ayé sì jọ ń lò fún àwọn nọ́ńbà yìí ni Unicode. Lẹ́tà è ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní. A ní láti to méjì pọ̀, ẹ ṣáájú, àmì ohùn tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn sì lè gba ọ̀nà mìíràn, kó kọ́kọ́ tẹ è, kó tó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ètò tí wọn kò bá kọ́ dáadáa yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Kódà, ḿ ní nọ́ńbà tirẹ̀, m̀ kò ní. Ẹni tó dàgbà síbi tí é ti jẹ́ lẹ́tà kan tó ní nọ́ńbà kan lè fi ogún ọdún kọ kóòdù kó má pàdé ìṣòro yìí rárá. Kì í ṣe pé ó kórìíra wa. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ló lè rí i, tí yóò sì ké sí i.

Mo ké sí wọn. Mo kọ ìròyìn àléébù náà bí wọ́n ṣe ní ká máa kọ ọ́: ohun tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mo retí, ohun tí mo rí, ẹ̀dà tí mo lò, àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mi. Odidi alẹ́ kan ló gbà mí. Oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ẹ̀dà tuntun jáde, àléébù mi wà nínú rẹ̀ digbí. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí bí ẹni tó jí lọ sí ọ̀wẹ̀, tó dé oko tí kò bá olóko, tó kọ ebè tirẹ̀ tán tí ẹnikẹ́ni kò sì ní “ẹ kú iṣẹ́”. Mo pinnu pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni dán nǹkan wò mọ́.

Nínú oṣù karùn-ún ni lẹ́tà kan dé. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló kọ ọ́, láti Yúróòpù. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó ní àwọn méjì péré ló ń bójú tó apá ibi tí àléébù mi wà nínú ètò náà, pé aya ẹnìkejì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti pé ilé-iṣẹ́ kan ni òun ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ìgbà tí àwọn ọmọ òun bá sùn tán ni òun ń ráyè fún èyí. Ọjọ́ tí mo fi ìròyìn mi ránṣẹ́ gan-an ló ti kà á. Ohun tó dá a dúró ni pé kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ kó rí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ya àwòrán ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ dáadáa.

Mo ya ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jọ ṣe é. Yóò tún ibì kan ṣe, yóò fi ránṣẹ́. Èmi náà, bí iná bá wà, n ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi, n ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, n ó sì sọ ohun tí mo rí. Nígbà kan, ó tún àmì òkè ṣe, tìsàlẹ̀ bàjẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ tí à ń bá jà láti ọjọ́ yìí túmọ̀ sí. Mo ṣàlàyé fún un: iṣẹ́ ńlá tí ènìyàn kò lè dá ṣe, tó wá ránṣẹ́ pe ará, ọ̀rẹ́ àti àna, tí wọ́n wá bá a ṣe é láìgbowó, tí òun náà sì bọ́ wọn yó. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ó jọ pé orúkọ iṣẹ́ òun gan-an ni mo sọ yẹn, àfi pé òun kò mọ ẹni tó ni oko.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Mo ti ń bínú sí i bí ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ tí kò yọjú sóko, n kò mọ̀ pé wọ́n pe òun náà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn péré ló ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ayé gbọ́ nípa àléébù kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed. Inú OpenSSL ló wà, ètò tí àìmọye ilé-iṣẹ́ gbára lé láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n rẹ̀ lè fa ọ̀rọ̀ aṣínà àti àṣírí mìíràn jáde láti inú kọ̀ǹpútà tó jìnnà sí i, láìfi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2012 ni àléébù náà ti wà nínú ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ń lò. Ẹnìkan ló kọ kóòdù náà, ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì kò rí i. Nígbà tí wọ́n wá wo ìdí òrùlé tí ayé sá sí lábẹ́ yìí, ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo ló fi í ṣe iṣẹ́ oòjọ́, owó ọrẹ tó sì ń wọlé fún wọn kò ju nǹkan bíi dọ́là 2,000 lọ lọ́dún. Lẹ́yìn tí ojú ti ti ayé ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó dá owó jọ nípasẹ̀ Linux Foundation lọ́dún yẹn kan náà.

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí pé bí ojú bá ti pọ̀ lára kóòdù, kò sí àléébù tó lè sá pamọ́. Mo gba apá kan rẹ̀ gbọ́, torí pé ojú tèmi náà rí ohun tí tiwọn kò rí. Àmọ́ àwọn tó ń lo OpenSSL kò ṣeé kà, àwọn tó jókòó tì í pé àwọn fẹ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì kún ìka ọwọ́.

Ìtàn tó bà mí lẹ́rù jù ni ti xz, ètò kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè. Ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Finland kan ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, láìgbowó. Ní ọdún 2022, àwọn kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu: kí ló dé tí iṣẹ́ fi ń falẹ̀, kí ló dé tí kò fi fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó dá wọn lóhùn pé àárẹ̀ ọkàn ti ń bá òun fínra láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n sì jọ̀ọ́ rántí pé kò sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ yìí fún òun. Ẹnìkan wà nítòsí tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan. Láti ọdún 2021 ló ti ń fi sùúrù ṣèrànwọ́. Ó ń tún àléébù ṣe, ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú, tí ojoojúmọ́ ń gba èébú, tí irú olùrànlọ́wọ́ báyìí wá yọ sí, kí ni kó ṣe? Ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde pẹ̀lú májèlé nínú wọn: ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kan tí ẹni tó dá a ìbá fi máa wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ jákèjádò ayé láìkan ilẹ̀kùn. Ibi tó fi májèlé náà pamọ́ sí ló gbé mi lọ́kàn jù. Àárín àwọn fáìlì ìdánwò ni, àwọn fáìlì tí wọ́n kó síbẹ̀ kí ètò náà lè máa fi wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹni tó wá sí ọ̀wẹ̀ ni, tó bá wọn roko fún ohun tó lé lọ́dún méjì, tó wá bu májèlé sínú àmù omi.

Ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ ni Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ètò ìkódátàpamọ́ tí kóòdù tirẹ̀ náà wà ní gbangba. Microsoft ló gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n xz kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ètò tirẹ̀ ṣe yára sí ló ń wọ̀n, tó fi rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ti ń pẹ́ jù. Ohun tó ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tẹ́lẹ̀ ti ń gba ìdá mẹ́jọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló fi lé. Ènìyàn kò tíì ṣẹ́jú méjì tán kí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ìbá ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fà, ká sì máa bá tiwa lọ. Òun kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipa rẹ̀ dé orírun, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi tó ti rí i. Orí Debian ni, ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní sid. Debian ti wà láti ọdún 1993, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń gbé e ró. Inú sid ni ohun tuntun kọ́kọ́ máa ń dé. Orúkọ ọmọkùnrin tó ń ba nǹkan ìṣeré jẹ́ nínú fíìmù Toy Story ni wọ́n fún un, kí oníkálukú lè mọ ohun tó ń wọ̀. Bí ohun tuntun náà bá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ tí kò sí ìròyìn àléébù ńlá, á kọjá sí apá ìdánwò, ó sì di ìgbà tó bá pẹ́ kó tó dé ẹ̀dà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fọkàn tán. Májèlé xz kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Àwọn tó gbà láti máa gbé inú ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ló fi ara wọn ṣe asà fún wa, láìmọ̀ wá rí.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní kí wọ́n kúkú máa sanwó fún gbogbo rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń tọ́jú kóòdù, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Láti ọdún 2022 ni ìjọba Jámánì ti ń ná owó ìlú lórí irú ètò báyìí nípasẹ̀ Sovereign Tech Fund, ó sì wù mí kí ìjọba mìíràn kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn pa owó gọbọi, tí kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, ń jẹ iyán oko tí kò kọ ebè kan ṣoṣo níbẹ̀. N kò rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ní apá kan tí owó kò lè dé. Ẹ lè gba ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ síṣẹ́ ní Berlin kí wọ́n máa yẹ ètò ìkọ̀wé wò láti òwúrọ̀ di alẹ́; kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò ṣèèṣì tẹ “ọ̀wẹ̀”. Èmi tí mo nílò rẹ̀ ni mo lè tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé àáró ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Nínú àáró, oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́la. A kì í béèrè oúnjẹ, nítorí pé ọjọ́ oníkálukú ń bọ̀. N kò mọ kóòdù kọ. Ọjọ́ àáró tèmi ni ọjọ́ tí ẹ̀dà ìdánwò bá jáde.

N kò sì pa ọjọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn tí àléébù mi ti lọ, mo dúpẹ́, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọdún kan àbọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà mi láti fi tún ìwé ònkọ̀wé kan ṣe, mo sì rí àmì ohùn lórí w. Mo ti ń kọ lẹ́tà ìbínú kí n tó rántí pé ẹ̀dà ìdánwò mẹ́ta ló ti jáde láàárín ìgbà yẹn, n kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹnìkan ti yí ohun mìíràn padà nínú kóòdù náà, ó sì kan tiwa. Nígbà tí mo wá kọ̀wé sí ọkùnrin Yúróòpù náà, tó ti di ọ̀rẹ́ mi, ó ní nítorí pé òun kò gbọ́ ohùn mi, òun rò pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí ìbá ṣe wọ̀ mí ká ní ó bú mi. Níbi tí òun wà, ètò tó dára àti ètò tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò yàtọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni méjèèjì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ká ṣe fáìlì ìdánwò kan, kí ẹ̀rọ máa ṣí i wò fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá yí kóòdù padà. Ó ní kí n mú àwọn ọ̀rọ̀ wá. Mo fi “ọ̀wẹ̀” síbẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì tí ènìyàn lè gbà tẹ̀ ẹ́, mo fi m̀ sí i, mo fi ṣ sí i. Ìtàn xz ṣì wà lọ́kàn mi, nítorí náà mo kọ àlàyé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan tó bá fáìlì náà rìn: ohun tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, ìdí tó fi wà níbẹ̀, kí àjèjì tó bá ṣí i lè mọ̀ pé omi lásán ló wà nínú àmù yìí.

Ẹ̀rọ ń ṣọ́ àléébù tí a ti mọ̀. Èyí tí a kò tíì mọ̀ ṣì ń dúró de ẹni tí yóò kọsẹ̀ lára rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kùtọnu, tó ń kọ èdè Fọ̀n, fi ìròyìn ránṣẹ́ pé àmì orí ɛ̀ ń yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló fi kọ ọ́. Wọ́n dárí rẹ̀ sí àwa tí à ń bójú tó ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Mo wo aago. Ọ̀rẹ́ mi á ti wà nídìí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, ó di kí àwọn ọmọ rẹ̀ sùn. N kò lè tún àléébù náà ṣe. Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn kí n tó jẹun alẹ́: mo fi orúkọ rẹ̀ kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo béèrè ẹ̀dà tó ń lò, mo sì ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi ya àwòrán ojú ewé kan nínú ìwé Fọ̀n tí wọ́n tẹ̀ dáadáa.